Bí Mo Ṣe Dọdẹ Igbe Moríyìíkẹ́ Nínú Igbó Ìtàkùn

Ẹ jókòó. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń dún, kí ó pa á. N kò ní pariwo, n kò sì ní sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Inú Igbó Ìtàkùn ni mo ti sọ ohun kan náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà, orí sì ń fọ́ mi títí di òní.

Ọdẹ́jàre ni orúkọ mi. Ọdẹ Ìdó-Apá ni mí. Mo ti pa ẹfọ̀n tí ó ń bọ̀ wá pa mí. Àpá rẹ̀ nìyí ní ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Mo ti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ erè tí mo pè ní igi. Òun náà pè mí ní igi. A jí, a wo ara wa, a pínyà. Kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ sọ. Ìyẹn rọrùn.

Ẹ mọ ojú ìwé ẹgbẹ́ ọdẹ tí ó wà lórí ayélujára. Ẹni tí ewu bá bá lóko, yóò tẹ bọ́tìnì pupa, yóò kọ ibi tí ó wà, fóònù gbogbo ọdẹ yóò sì dún. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ lọ sígbó lójoojúmọ́ mọ́, mo kọ́ bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Kò yàtọ̀ sí pàkúté. O dẹ ẹ́, o kúrò níbẹ̀, ohun tí o kò rò ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà òjò, a wà ní ilé ẹgbẹ́. Fóònù gbogbo wa dún pa pọ̀. A wò ó. Ó ní igbe kan ti wọlé láti ọ̀dọ̀ Moríyìíkẹ́. Ọ̀rọ̀ inú igbe náà kò tẹ̀lé e. A dúró. Òfo.

Moríyìíkẹ́ ni ìyàwó Akínrógun, ọdẹ ẹlẹgbẹ́ wa. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù. Akínrógun fò dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀.

"Níbo ló wà?" Olúọdẹ bi í.

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Kí n tó ti igbó dé ló ti jáde. Bóyá ó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Abà Igbá. Bóyá ó lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Abà Igbà."

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Abà Igbá ni ibi tí wọ́n ti ń fín igbá. Abà Igbà ni ibi tí àwọn adẹ́mu ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Odò ló wà láàárín wọn, odò náà sì ti kún dé etí. Ẹni tí ó bá lọ sí ọ̀kan kò lè sọdá sí èkejì, àfi kí ó padà wá sílé kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ yóò ti ṣú. Àwa ọdẹ lè pín ara wa sí méjì. Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí kan ṣoṣo ni a ní, a kò sì lè là á sí méjì.

Akínrógun pe fóònù ìyàwó rẹ̀ títí. Kò wọlé. Ní àwọn abà yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lágbára láti gbé ohùn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ kíkọ ló lè gbé, díẹ̀díẹ̀, bí èèrà ṣe ń gbé gaàrí.

Olúọdẹ yíjú sí mi. "Ọdẹ́jàre, ìwọ lo ń tọ́jú nǹkan yìí. Níbo ni ọ̀rọ̀ obìnrin yìí wọlé sí?"

"Inú Ìtàkùn ni."

"Lọ mú un wá."

Mo mú ìbọn. Mo lọ.

Ẹ̀yìn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó wà lórí Òkè Àgbọ́n ni Igbó Ìtàkùn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ayélujára ní ìtàkùn àgbáyé, ẹ rò pé àfiwé ni. Kì í ṣe àfiwé. Kò sí igi níbẹ̀, ìtàkùn nìkan ni. Òmíràn nípọn bí itan, òmíràn tínrín bí irun, gbogbo wọn ń kùn bí ilé oyin. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ló ń sáré gba inú wọn kọjá. Mo gbọ́ ẹni tí ń ta ẹ̀gúsí. Mo gbọ́ ẹni tí ń bú àna rẹ̀. Mo gbọ́ irọ́ púpọ̀. Mo wo ilẹ̀, mo rí ojú ẹsẹ̀ igbe Moríyìíkẹ́. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wọlẹ̀. Igbe aboyún máa ń wúwo. Mo tẹ̀ lé e.

Kò pẹ́ tí mo fi kan ilẹ̀kùn. Àgbàlagbà kan jókòó síwájú rẹ̀, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú. Àgbà-Ò-Gbọ́-Tuntun ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò tíì dá sílẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, kò ní gbọ́ ọ láéláé.

"Ẹ kúulé o, Bàbá. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Kí ni wọ́n ń pè ní 'ṣí'?"

"Ẹ yẹ ilẹ̀kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"A kì í sọ bẹ́ẹ̀ níbí."

"Báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́?"

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni yóò wọlé."

Mo gbìyànjú gbogbo ọ̀nà. Ojú oòrùn ti kúrò lókè orí mi kí n tó rí i sọ. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: "Ìwọ pátákó tí a kàn mọ́ òpó, ìwọ tí ó ní irin ní ìhà òsì, kúrò ní ipò tí o wà, lọ sí ipò tí o kò sí, má sì padà títí n ó fi wí." Ilẹ̀kùn ṣí.

"Kí ló dé tí o kò tètè sọ bẹ́ẹ̀?" Àgbà-Ò-Gbọ́-Tuntun ní.

Mo yára kọjá. Ìbọn wà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ ara mi.

Wàhálà onílẹ̀kùn kejì ju ti bàbá yẹn lọ. Aṣubú-Lófo ni wọ́n ń pè é. Ó ga, ó sanra, ó sì ń gbọ́ràn púpọ̀. Ìgbọràn rẹ̀ ni wàhálà. Ohun tí o bá ní kí ó ṣe náà ni yóò ṣe, kò ní fi ìmọ̀ kankan kún un.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?" mo bi í.

"Ó wà nínú ìkòkò, ìkòkò wà nínú àpótí, àpótí wà nínú yàrá, yàrá wà nínú ilé."

"Wọ ilé. Wọ yàrá. Ṣí àpótí. Ki ọwọ́ bọ ìkòkò."

Ó wọ ilé. Ó wọ yàrá. Ó ṣí àpótí. Ìkòkò kò sí níbẹ̀. Ẹnìkan ti gbé e lọ. Ìwọ àti èmi, bí ìkòkò kò bá sí, a ó dúró, a ó pòṣé. Aṣubú-Lófo kò dúró. Ó ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò tí kò sí. Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú òfo, òfo fà á, ó lọgun, ó ṣubú lulẹ̀, ilé wó tẹ̀ lé e, ọgbà wó tẹ̀ lé ilé, ìtàkùn tí ó wà lókè orí mi já. Gbogbo ibẹ̀ funfun báláú. Mo sá. Mo sá gan-an. Bí mo ṣe ń fò kọjá gọ́tà, ìtàkùn tó nípọn bí ọwọ̀n gbá fìlà kúrò lórí mi, n kò sì padà lọ mú un. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà rí, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Nǹkan kékeré kan kò sí, gbogbo ojú ìwé kú. Ẹni tó ni ín yóò máa bi ọ́ pé kí lo ṣe. O kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Aṣubú-Lófo dìde, ilé rẹ̀ náà dìde, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó tún dúró síbẹ̀, ó ń retí àṣẹ. Mo jókòó sórí òkúta. Obìnrin kan ń rọbí lóko, èmi ń bá òmùgọ̀ ṣeré.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìró abẹ́rẹ́. Mo wo ẹ̀yìn. Abàmì ẹ̀dá kan jókòó lábẹ́ ìtàkùn, ó ń ránṣọ. Orí kan ló ní, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ewé lọ: ọwọ́ dúdú, ọwọ́ pupa, ọwọ́ ọmọge tó lé làálì, ọwọ́ arúgbó tó ń gbọ̀n. Àpò kékeré kan ni gbogbo wọn ń rán pọ̀.

"Ọdẹ, o ń pòṣé bí aláwo tó fọ́ àwo. Kí ló ṣe ọ́?"

"Ohun kan náà ni mo ń sọ ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ bákan náà."

"Àlọ́ o."

"N kò wá pàlọ́."

"Àlọ́ o!"

"Ọ̀ọ̀."

"Ẹnu kan, ẹgbẹ̀rún etí, etí kò gba, ẹnu ti rẹ̀. Ta ni yóò là wọ́n?"

Mo rò ó. "Ẹni tó bá jókòó sí àárín, tó gbọ́ èdè gbogbo wọn."

Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo ọwọ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Èmi nìyẹn. Ọlọ́wọ́-Púpọ̀ ni mí. Ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe lójoojúmọ́ nínú igbó yìí, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ gígùn sọ, mo rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ọ̀rọ̀ kan. Inú ọ̀rọ̀ náà ni wàhálà ń gbé báyìí. Ó ti kúrò ní ọrùn rẹ."

Ó ya ẹnu àpò, ó fi irinṣẹ́ inú rẹ̀ hàn mí. Ọ̀kan ń jẹ́ Ṣí: sọ ọ́, onílẹ̀kùn yòówù kó jẹ́, yóò ṣí. Ọ̀kan ń jẹ́ Mú-Bó-Bá-Wà. Ọ̀kan ń jẹ́ Sinmi-Ná. Ọ̀kan tó rí bí abẹ ìfárí ń jẹ́ Fá-Orí, ó ní gbogbo ohun tó bá ń kọ́ ìtàkùn ni ó ń fá dànù. Àwọn mìíràn wà tí n kò ní ṣe wàhálà láti kà fún yín.

"Kí lo fẹ́ gbà?" mo bi í.

"N kì í tà á. Májẹ̀mú ni mo ń fẹ́. Má ṣe tú orúkọ mi tí mo rán sí etí àpò. Bí o bá sì rí ibi tó ya, tí o lẹ̀ ẹ́, mú òwú rẹ wá hàn mí."

"Ta ló ni gbogbo ọwọ́ yìí?"

"Àwọn tó mú òwú wá."

Mo gba àpò, mo dúpẹ́. Mo padà sọ́dọ̀ òmùgọ̀. "Mú-Bó-Bá-Wà," mo ní, "ilé, yàrá, àpótí, ìkòkò, kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá wà, fún mi ní àdá." Aṣubú-Lófo wọlé, ó débi àpótí, ó wò ó. "Kò sí ìkòkò o, Bàbá ọdẹ," ó ní. Ó jáde, ó gbé àdá lé mi lọ́wọ́. Kò ṣubú. Kò lọgun. Mo fẹ́ sunkún. Mo fi àdá la ọ̀nà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ onílẹ̀kùn kẹta ni mo ti bá ẹran mi. Ẹ̀ẹ̀kan-Di-Ọgọ́rùn-ún ni orúkọ onílẹ̀kùn náà. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ títí àyà mi fi já. Ìbẹ̀rù ti mú kí Moríyìíkẹ́ tẹ bọ́tìnì léraléra, bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn nígbà tí ẹkùn wà lẹ́yìn rẹ̀, onílẹ̀kùn yìí sì ti sọ igbe kan di agbo igbe. Wọ́n rí bí ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́. Wọ́n ń sáré yípo, wọ́n ń gun ara wọn, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà pa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kankan kò fi jáde.

"Sinmi-Ná," mo ní.

Onílẹ̀kùn pa ẹnu mọ́. Ó dúró títí gbogbo wọn fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ju ẹyọ kan sí mi. Ó gbóná lọ́wọ́ mi, ó ń mí hẹlẹ, ẹnu rẹ̀ pa dé. Igbe kì í la ẹnu nínú Ìtàkùn. Ó di ìgbà tó bá fojú kan ìta kí ó tó sọ̀rọ̀.

Mo sáré. Ibi àbájáde há, ìtàkùn tínrín sì yí i ká. Orí igbe náà àti abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọn irun ṣónṣó kéékèèké, wọ́n ń kọ́ ìtàkùn ní gbogbo ìṣísẹ̀. Mo fà á, kò wá. Oòrùn ti ń pọ́n. Mo yọ Fá-Orí nínú àpò, mo fá a mọ́lẹ̀ lórí, mo fá a lábẹ́. Ó yọ̀ jáde bí ẹja. A débi òpó, igbe náà la ẹnu, ó ní:

"E gba mi. Mo n robi. Aba Igba."

Ohùn kan ló fi sọ gbogbo rẹ̀, pẹrẹsẹ, bí òkú tó ń sọ̀rọ̀.

Aba Igba. Igba wo? Igbá ni, tàbí igbà? Mo bi í. Ó tún sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. N kì í ṣépè. Mo ṣépè lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ọwọ́ tó wà lára Ọlọ́wọ́-Púpọ̀, kò sí ọwọ́ ọmọ Yorùbá kankan níbẹ̀. Ẹni tó rọ Fá-Orí rò pé irun ni àmì orí àti abẹ́ lẹ́tà jẹ́. Ní èdè tirẹ̀, ó lè jẹ́ irun. Ní tiwa, orí gan-an ni.

Mo padà wọlé. Àwọn àmì náà wà lórí iyanrìn, wọ́n tò bí wọ́n ṣe ń bọ́, bí ojú ẹsẹ̀ ẹran. Àmì abẹ́ ti "Ẹ" nìyí. Ti "gbà" nìyí. Ti "mí" nìyí. Mo ń tọ̀ wọ́n lọ títí mo fi dé ti "Abà." Èyí tó kù lẹ́yìn rẹ̀, tó jẹ́ òun nìkan ṣoṣo ni mo wá, kò sí. Ipa kòkòrò ló wà níbẹ̀.

Mo bá kòkòrò náà lẹ́nu ihò rẹ̀. Ó tóbi tó ajá, ikùn rẹ̀ ń tàn, àmì náà wà lẹ́nu rẹ̀ bí igi ìtayín.

"Ẹ kú ìrìn o, Bàbá ọdẹ."

"Gbé e sílẹ̀."

"Kí ni kí n wá jẹ? Oúnjẹ mi nìyí. Ẹ̀yin ará Ìdó-Apá gan-an lẹ sọ mí di báyìí. Ẹ ń kọ 'E kaaro ma' sórí fóònù, ẹ ń kọ 'Bawo ni omo', ẹ ń da àmì nù kiri. Èmi ni mò ń ṣà á. Ẹ wo ikùn mi. Ọ̀lẹ yín ló wà níbẹ̀."

Ẹ má wo ilẹ̀. Ẹ̀yin náà ló ń bá wí.

"Obìnrin kan ń rọbí," mo sọ fún un.

"Mo gbọ́. N ó fi ẹyọ kan yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní tiyín. Orúkọ yín ń ta sánsán."

Ọdẹ́jàre. Àmì abẹ́ méjì, àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá bàbá mi láre lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn ni wọ́n bí mi. Orúkọ yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀.

"Mú un," mo ní.

Ó jẹ ẹ́ níṣojú mi. Ó lá ẹnu. Ó gbé àmì igbe náà sílẹ̀ lórí iyanrìn. Mo wò ó láti ìhín, ó ń gòkè. Mo yí lọ sí ọ̀hún, ó ń sọ̀kalẹ̀. Igi kékeré lásán. Kòkòrò náà bú sẹ́rìn-ín títí ó fi dojú délẹ̀.

"Òkè ni àbí ìsàlẹ̀? Ẹ ò bi mí kí n tó jẹun!"

Mo tú àpò Ọlọ́wọ́-Púpọ̀ wò. Kò sí irinṣẹ́ fún èyí. Mo he àmì náà, mo gbé e lé ahọ́n mi, mo la ẹnu, mo pe orúkọ abà. Ohùn mi gòkè. Mo gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ bọlẹ̀, ó kọ̀. Mo tún un pè. Ó tún gòkè.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu kòkòrò.

Kí n tó débi òpó ni mo ti ń pe Olúọdẹ lórí fóònù. "Abà Igbá!"

"Igba wo? Ariwo ò jẹ́ n gbọ́ ọ!"

"Igbá tí wọ́n fi ń bu omi!"

Wọ́n gbé agbẹ̀bí sẹ́yìn ọ̀kadà, Akínrógun ló wà á. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ ló ń kọ́kọ́ bọ̀. Agbẹ̀bí ní bí ó bá jẹ́ pé Abà Igbà ni àwọn kọ́kọ́ lọ, òkú méjì ni àwọn ì bá bá.

Mo padà sí Igbó Ìtàkùn lẹ́yìn náà, mo mú òwú mi lọ. Irinṣẹ́ tí mo rọ ń jẹ́ Dì-Mọ́. Ó ń di àmì mọ́ lẹ́tà rẹ̀ gbagidi, kí gbogbo onílẹ̀kùn lè rí méjèèjì bí ẹyọ kan. Ọlọ́wọ́-Púpọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó rán an sínú àpò, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, ẹ óò rí ọwọ́ kan láàárín ọwọ́ rẹ̀ tó ní àpá ìwo ẹfọ̀n. Àpò náà ni mo fi tún ojú ìwé wa kọ. Ó kúrú. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù yòówù. Fá-Orí ṣì wà nínú rẹ̀ fún àwọn tó nílò rẹ̀. Ẹni tí mo bá rí i lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìdó-Apá, n ó bá a wí.

Àmì tèmi kò padà. Ibi tí orúkọ mi bá wà lórí ayélujára, Odejare ni wọ́n ń kọ. Mo ti tún un kọ títí. Kòkòrò yẹn ń jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí ọmọ náà, fóònù mi dún. Akínrógun ló kọ̀wé sójú ìwé ẹgbẹ́ pé àlàáfíà ni ìyá àti ọmọ wà, ọkùnrin ni, ó sì kọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Mo bọ́ sí ìta níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo kà á. Mo wo abẹ́ rẹ̀, mo wo orí rẹ̀.

Ọdẹ́jàre.

Ó pé. Ẹ lè tan fóònù yín.